Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Màmá Nọ́ọ̀sì Dáhùn Ìbéèrè Yín

Láti ìgbà tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè yín lórí ìtọ́jú aboyún àti ìkókó, lẹ́tà àwọn òbí tí oṣù ọmọ wọn kò pé ni ó máa ń wúwo lọ́wọ́ mi jù lọ. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdọọdún ni gbogbo àgbáyé fi ń rántí àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo sì ti pinnu pé ọ̀rọ̀ wọn nìkan ni ojú ewé yìí yóò gbà lóṣù yìí. Ọmọ tí wọ́n bá bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni à ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ní ọdún 2020, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, irú wọn tí wọ́n bí káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 13.4, nítorí náà kí òbí kankan má ṣe rò pé òun nìkan ni nǹkan yìí dé bá. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, mo sì gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó mú kí àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nígbà tí oyún mi wà ní ọ̀sẹ̀ 30. Kílò 1.3 ni ọmọ mi ọkùnrin. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ móoru, rọ́bà wà nímú rẹ̀, wáyà wà lára rẹ̀, bí ẹ̀rọ tí wáyà náà so mọ́ bá sì ti han báyìí, àyà mi a já. Mo kàn máa ń dúró wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì ni, ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án. Àwọn kan nínú ẹbí ọkọ mi ń sọ pé rírìn tí mo máa ń rìn nínú oòrùn ọ̀sán ni ó fà á. Kí ni mo ṣe? (Ìyá Ìkókó, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ o. Mo fi kíkí yìí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá wò yín kò mọ̀ bóyá kí àwọn bá yín yọ̀ ni tàbí kí àwọn bá yín dárò, èyí sì máa ń dun abiyamọ ju ojú abẹ lọ. Ẹ ti bímọ, ọmọ yín sì wà láàyè.

Ẹ kò ṣe ohun búburú kankan, oòrùn ọ̀sán kọ́ ni ó sì mú ọmọ yín wá ṣáájú àkókò. Bí ẹ̀jẹ̀ aboyún bá ru kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ibi ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ kì í tó mọ́, gìrì sì lè mú ìyá, kíndìnrín àti ọpọlọ rẹ̀ náà sì lè fara gbá nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú ibẹ̀, àfi kí wọ́n gbé ọmọ jáde. Ẹ̀mí méjì ni àwọn dókítà yẹn dù lọ́jọ́ náà. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru, kòkòrò àrùn tó bá wọ ojú ara tàbí ilé ìtọ̀, ibà, oyún ìbejì, àti omi tó bá tètè bọ́, gbogbo wọn ló lè mú kí ọmọ tètè wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kò sì ní í rí ìdí kan pàtó. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ ọ̀rọ̀ oòrùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí sí i létí.

Nípa ohun tí ẹ ń rí lára ọmọ yín, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ó kù tí ì bá lò nínú yín kí ogójì ọ̀sẹ̀ tó pé, iṣẹ́ tí ara yín ì bá bá a ṣe ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbìyànjú láti ṣe. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì ní ànító nínú ohun kan tó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ wínníwínní inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ẹ rántí bí láílọ́ọ̀nù tó tutù nínú ṣe máa ń ṣòro láti là. Bẹ́ẹ̀ ni mímí ṣe ń ṣòro fún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú. Wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n fún un ni, nítorí àpọ̀jù ọ́síjìn lè ba ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ìgbà tí wọ́n máa yẹ ojú rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32 yẹ kí ó rí dókítà ojú láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Rọ́bà tó tín-ínrín jù ni ti oúnjẹ: ó ń gbé omi ọmú lọ sí ikùn rẹ̀, nítorí pé kí ọmọ tó lè fa ọmú, kí ó gbé e mì, kí ó sì tún máa mí láìpa ara rẹ̀ lára, ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34.

Ẹ̀rọ tó ń han yẹn ńkọ́? Ọpọlọ ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 máa ń gbàgbé láti pàṣẹ mímí nígbà mìíràn. Ọmọ lè dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ọ̀sì yóò wá fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Oògùn wà fún un, ó sì máa ń lọ bí ọmọ bá ti ń gbó sí i. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé wáyà ló yọ tí ẹ̀rọ fi ń pariwo, nítorí náà ojú ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wò, kì í ṣe ojú ẹ̀rọ.

Ẹ má dúró sẹ́yìn gíláàsì mọ́. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ yín. Ẹ rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé e lórí, kí ẹ fi èkejì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀ láìmi ọwọ́. Ẹ má ṣe máa fi ìka pa á lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọmọ tó gbó, nítorí awọ ara rẹ̀ ṣì tín-ínrín débi pé ó máa ń ni ín lára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pe oríkì rẹ̀ sí i. Ohùn yín kò ṣàjèjì sí i, ó ti ń gbọ́ ọ kí ẹ tó rí ojú ara yín. Mo ti rí ọmọ kan tó ń jà fitafita, tí ọwọ́ rẹ̀ ń jó nínú afẹ́fẹ́, tó sì jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ ti pe «Àkànní» ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ náà rọra wálẹ̀ sórí àyà rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú làálàá. Kílò 1.5 ni ọmọ wa obìnrin, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀rọ. Wọ́n ti wá ní kí a máa gbé e kúrò níbẹ̀ kí a máa so ó mọ́ àyà. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ wọn kò tó ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀? Ara ìyàwó mi kò sì tíì le dáadáa. Ṣé èmi ọkùnrin lè so ọmọ mọ́ àyà? (Bàbá Ọmọ, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yín méjèèjì dára, n kò sì ní í fi ohunkóhun pamọ́ fún yín lórí èyí àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé àìtó ẹ̀rọ ni ó bí ọ̀nà ìtọ́jú yìí. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, Dókítà Edgar Rey Sanabria rí i pé ọmọ pọ̀ nínú ẹ̀rọ débi pé wọ́n ń kó àrùn ran ara wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lé àyà ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítorí àìní ti wá di ohun tí àwọn tó ní ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ilẹ̀ wa níbí sì wà lára ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti jáde. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ilé ìwòsàn márùn-ún tó ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Àwọn mẹ́rin yòókù wà ní Gánà, Màláwì, Tànsáníà àti Íńdíà. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n láàárín kílò 1.0 sí nǹkan bíi 1.8 ni wọ́n mú, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Wọ́n gbé àwọn kan lé àyà ìyá wọn ní kété tí wọ́n bí wọn, wọ́n sì fi àwọn yòókù sínú ẹ̀rọ títí ara wọn fi balẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú 100 ọmọ tó kọ́kọ́ gbé inú ẹ̀rọ, nǹkan bíi 16 ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú 100 tó lọ sí àyà ìyá tààrà, 12 ni. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀ débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí kò tọ́ kí wọ́n máa fi àyà ìyá du àwọn ọmọ yòókù mọ́. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í ṣe ìlànà fún gbogbo ayé pé kí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé wà lára àyà fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlélógún lójúmọ́, àfi èyí tí kò bá lè dá mí tàbí tí ara rẹ̀ kò dá rárá.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò le. Ọmọ yìí kò ní ọ̀rá lábẹ́ awọ, ó ń pàdánù ooru bí ife tíì tí a gbé sí ìta nínú ọyẹ́, gbogbo agbára tí ì bá sì fi tóbi ni ó ń fi wá ooru. Bí àyà bá fún un ní ooru, ọmú a di ẹran ara. Ìró ọkàn àti mímí yín kì í jẹ́ kí ó gbàgbé láti mí. Kòkòrò ara òbí rẹ̀, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ le, ni ó sì ń gbà sára dípò èyí tó le nínú wọ́ọ̀dù. Iná ìjọba kì í sì í lọ lórí àyà.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ọkùnrin lè ṣe é, irun àyà kò sì ṣe é ní nǹkankan. Ẹ wẹ̀, ẹ má fín lọ́fíńdà, ẹ má sì mu sìgá. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣeé là níwájú. Ọmọ yóò wọ pámpáàsì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹ gbé e dúró lóòró sí àárín àyà yín, awọ kan awọ, kí ẹ yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ kí ọ̀fun rẹ̀ má baà dí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ìyàwó yín fi ọ̀já gbà á yí yín ká, kí etí ọ̀já náà lókè dé abẹ́ etí ọmọ. Kí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò ní í yọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá dìde, ṣùgbọ́n kí ikùn rẹ̀ ráyè mí. Ẹ jókòó kí ẹ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kí ẹ má ṣe sùn gbalaja. Bí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀, kí ó lo wákàtí kan ó kéré tán, nítorí gbígbé sókè gbígbé sílẹ̀ máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ni àwa Yorùbá mọ̀ fún ọmọ, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ ìyá àgbà yóò fẹ́ sáré gbé e pọ̀n, ṣùgbọ́n a kì í rí ojú ọmọ lẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì dúró. Àyà ni ti ìsinsìnyí.

Mo rántí awakọ̀ kan tó jókòó lórí àga rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo di ọmọ náà mọ́ ọn láyà, ẹsẹ̀ ọmọ tutù bí omi inú ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì. Mo pa fáànù. Òógùn ń ṣàn lójú ọkùnrin náà, kò fọwọ́ nù ún, ó ní òun kò fẹ́ mira. Kí wákàtí kan tó pé, ẹsẹ̀ yẹn ti móoru, ó sì ti pọ́n bí ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹlé. Ọkùnrin náà kò fẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun náà gbé e.

Kí ẹ máa bá a lọ nílé títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bíi kílò 2.5. Òun fúnra rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀, yóò sì máa yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀já.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ oṣù méje máa ń yè ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ? Mo wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ yìí sì ń já mi láyà. (Aboyún, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́ rárá. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ náà gbà á gbọ́, nítorí náà kì í ṣe àwa nìkan, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá lò sí i nínú ìyá rẹ̀ ni ó ń fi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ àti ọ̀rá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí léwu, nítorí mo ti rí ìdílé tó fi ara balẹ̀ nílé nígbà tí ọmọ ń bọ̀ ní oṣù keje, tí wọ́n ní «olóṣù méje ni, yóò yè». Bí inú bá ń run yín lemọ́lemọ́, tí omi bá ń dà, tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn tó ní ibi ìtọ́jú ìkókó ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Fún ẹni tí oyún rẹ̀ wà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 34, abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà lè fún ìyá kí ọmọ tó jáde, tó máa ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó kíákíá, ṣùgbọ́n ó nílò wákàtí díẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Wákàtí wọ̀nyẹn ni ẹni tó bá pẹ́ nílé máa ń pàdánù.

ÌBÉÈRÈ: Mo bímọ ní ọ̀sẹ̀ 32, ọjọ́ kẹrin nìyí. Bí mo bá fún ọmú, ohun tó ń jáde kò ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ. Ìyá mi ní omi ọmú náà ti bàjẹ́ nítorí ó pọ́n, pé kí n dà á nù. Wọ́n fẹ́ kí n máa fún ọmọ ní mílíìkì inú agolo àti àgbo díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè gbó. (Abiyamọ, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí màmá yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo kúnlẹ̀ fún àníyàn wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má da ẹ̀kán kan nù. Omi ọmú tó kọ́kọ́ ń yọ, tó pọ́n tó sì ki yẹn, ni àjẹsára àkọ́kọ́ tí ọmọ yín yóò gbà. Bí kò bá tilẹ̀ tíì lè gbé e mì, a máa ń fi díẹ̀ pa á nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdajì ṣíbí kékeré jẹ́ mílílítà méjì àbọ̀, fún ọmọ tí ikùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ni.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọmú ni pé ìfun ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò lágbára. Àrùn kan wà tó máa ń mú ìfun irú wọn wú, tí í sì í jẹrà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti pa, ó sì máa ń mú ọmọ tó ń mu mílíìkì inú agolo ju èyí tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀ lọ. Bí dókítà bá wá rí i pé ó pọn dandan kí a fi mílíìkì kún un, òun ni yóò sọ irú èyí tó jẹ́ àti iye rẹ̀. Àgbo ní tirẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni omi, bẹ́ẹ̀ ni gúlúkóòsì, títí oṣù mẹ́fà. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá àgbà gbọ́: ẹ má ṣe rọ ọmọ yìí. Mo mọ bí a ti ń ṣe é, tí a ó tẹ́ ọmọ sórí itan, tí a ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, tí a ó sì da nǹkan sí i. Ọmọ tí kò tíì lè gbé nǹkan mì kó tún mí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ohun tí ẹ bá rọ sí i ń lọ.

Kí ọmú lè pọ̀, ìgbà tí ẹ bá ń fún un ṣe pàtàkì ju bí ó ti ń jáde tó lọ. Ẹ máa fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́ ó kéré tán, kí ẹ má sì fo òru. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ rọra fi ọwọ́ ra ọmú yí ká, kí ẹ gbé àtàǹpàkò sókè àti ìka yòókù sísàlẹ̀ ní etí ibi tó dúdú, ẹ tì í sẹ́yìn sí ọ̀nà àyà, kí ẹ wá fún un, kí ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ má ṣe fa orí ọmú. Ó máa ń tètè yọ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ kúrò láyà, tàbí bí ẹ bá ń wò ó lójú. Ife tí a ti sè nínú omi gbígbóná ni kí ẹ fún un sí, kí ẹ sì bò ó. Bí yàrá kò bá gbóná jù, ó lè lo wákàtí mẹ́rin lóde. Bí fíríìjì yín bá sì ń rí iná déédéé, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Ẹ má gbà ọmú lọ́wọ́ aládùúgbò tí a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Nígbà tí ó bá ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ 34, ẹ gbé e sí ẹnu ọmú kí ó máa lá a. Kò ní í fà á dáadáa lọ́jọ́ kìíní. Ife kékeré ni kí ẹ máa fi fún un ní ìyókù, kí ẹ gbé e jókòó díẹ̀ lọ́wọ́ yín, kí ẹ fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò yọ ahọ́n lá a bí ọmọ ológbò. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Ìbejì ni mo bí ní ọ̀sẹ̀ 34. Kílò 1.9 ni Táyé, kílò 2.1 ni Kẹ́hìndé. Wọ́n ti ní kí a máa lọ sílé. Ìyá ọkọ mi ti gbé omi kaná, wọ́n fẹ́ wẹ̀ wọ́n kí wọ́n sì na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, gbogbo ẹbí sì ń bọ̀ wá kí wa. Ọjọ́ kẹjọ ti kọjá nígbà tí a wà nílé ìwòsàn, a kò sì tíì sọ wọ́n lórúkọ. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ìgbó-Ọrà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì yóò ti mọ̀ pé wọn kì í sábà lo ogójì ọ̀sẹ̀. Ó lé ní ìdajì ìbejì tí a ń bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37, nítorí àyè inú kì í gbà wọ́n pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ìwẹ̀ náà dúró ná. Fún ìsinsìnyí, aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi máa nu ojú wọn, ọrùn wọn, abíyá àti ìdí, kí ẹ nu ibì kan gbẹ kí ẹ tó ṣí ibòmíràn. Nína ọwọ́ àti ẹsẹ̀, gbígbọ̀n àti fífi omi gbígbóná jó idodo kò yẹ wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ẹ bá kàn sọ fún ìyá ọkọ yín pé «ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n», ìjà ni yóò dà. Iṣẹ́ ni kí ẹ fún wọn. Ọmọ méjì ni ẹ ní, àyà kan ni ẹ ní: ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n so Kẹ́hìndé mọ́ àyà tiwọn nígbà tí Táyé bá wà ní tiyín. N kò tíì rí ìyá àgbà tó gbé ọmọ sí àyà fún wákàtí kan tó tún rántí ọ̀rọ̀ omi gbígbóná.

Láti mọ̀ bóyá òtútù ń mú wọn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn, kí ẹ sì kan ẹsẹ̀. Bí méjèèjì bá móoru, ó dára. Bí ikùn bá móoru tí ẹsẹ̀ tutù, òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e sí àyà kíákíá. Bí méjèèjì bá tutù, ewu ti wà níbẹ̀, ẹ gbé e sí àyà kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá nítorí kí ilé lè gbóná, èéfín rẹ̀ lè pa gbogbo yín sójú oorun.

Kí àwọn àlejò kí yín láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣomi, kí ó kí yín lórí fóònù. Ẹ sá gbogbo aṣọ tí wọ́n bá ti fi káńfọ̀ tọ́jú sínú àpótí, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá káńfọ̀ mu: yóò máa tú ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú wọn yóò sì pọ́n bí ìyeyè. Bí ẹ bá rí pípọ́n yẹn lójú tàbí lára wọn, pàápàá ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má sá wọn sóòrùn, ẹ má fún wọn lómi ìbẹ́pẹ. Ó lè ba ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù ilé ìwòsàn ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ sáré lọ bákan náà bí ọmọ bá kọ ọmú, bí ó bá ń mí ju ọgọ́ta ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọlé sínú, bí ètè rẹ̀ bá dúdú, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ikùn rẹ̀ bá wú tí ó sì ń bì ohun tó láwọ̀ ewé. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n máa sùn lé, nígbà tí wọn kò bá sí láyà. Kí ẹ sì béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, ìyẹn oògùn tó ní èròjà irin tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu, nítorí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò rí irin kó jọ tó kí ó tó wáyé.

Ní ti orúkọ, ẹ sọ wọ́n lónìí. Omi, oyin, iyọ̀ àti obì kò gba èrò púpọ̀. Ẹ̀yin, bàbá wọn àti ìyá àgbà tó, kí ẹ má sì fi nǹkan kan tọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu, ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ tọ́ ọ wò. Àríyá lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá tó kílò mẹ́ta. Orúkọ kì í dúró de kílò.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀sẹ̀ 30 ni wọ́n bí ọmọ mi obìnrin. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, kò tíì dá jókòó, bẹ́ẹ̀ ọmọ aládùúgbò wa tí wọ́n jọ bí lọ́sẹ̀ kan náà ti ń rákò. Ṣé ọpọlọ rẹ̀ pé? (Ìyá Ọmọ, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi í wé ọmọ aládùúgbò. Ọjọ́ orí méjì ni ọmọ yín ní. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí kò lò nínú yín kúrò nínú oṣù mẹ́jọ, ẹ ó rí i pé ọmọ bí oṣù márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà ni, ọ̀pọ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà ni kò sì tíì dá jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣírò jíjókòó, rírákò, rírìn àti ọ̀rọ̀ sísọ títí yóò fi pé ọmọ ọdún méjì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ yàtọ̀ sí èyí: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le gbagidi nígbà tí ẹ bá ń wọ pámpáàsì fún un, bí ó bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, bí kì í bá wo ojú yín, tàbí tí kì í yíjú sí ìró, ẹ má dúró di ọdún méjì. Ẹ gbé e lọ, nítorí ìtọ́jú eegun àti iṣan tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ máa ń ran ọmọ lọ́wọ́ gan-an. Kí wọ́n sì yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò bí wọn kò bá tíì ṣe é.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni a kì í yọ ọ̀sẹ̀ kankan kúrò nínú tirẹ̀: ọjọ́ tí a bí i gan-an ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé oṣù mẹ́sàn-án, ìgbà náà sì ni ó yẹ kí ó gba ti èéyì àti ti ibà pọ́njú. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì àjẹsára dání, kí ẹ sì mú ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ọmọ kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí dókítà lè rí ọ̀sẹ̀ 30 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ó tó sọ ohunkóhun nípa jíjókòó rẹ̀.